Ohùn Tí Mo Bá A Pa Mọ́

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Àbámẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí ọkọ mi pariwo nínú sinimá Kamihama. Ó ti pé ọdún mẹ́ta nígbà náà tí a ti sun òkú rẹ̀, tí èmi fúnra mi fi igi ìjẹun ṣa eegun rẹ̀ sínú ìkòkò gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé n kò mọ̀ pé ó ti kú. Mo mọ̀. Mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí pé n kò lè sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ kí n tó parí.

Orihara Tazu ni orúkọ mi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Eikichi ni ọkọ mi, ṣùgbọ́n Bàbá Chigusa ni mo ń pè é láti ìgbà tí a ti bí ọmọ wa kan ṣoṣo. Ẹní tatami ni ó ń ṣe. Iṣẹ́ yẹn kò yọ mí lẹ́nu rí. Eré kàbúkì, eré orí ìtàgé àtijọ́ ilẹ̀ wa, ni ó yọ mí lẹ́nu. Lóṣooṣù ni ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Tókíò, wákàtí mẹ́rin àlọ, wákàtí mẹ́rin àbọ̀, kí ó lè jókòó sí àjà kẹta ilé eré níbi tí òṣèré kò ju ìka ọwọ́ lọ lójú rẹ̀, kí ó sì pariwo. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ó pariwo. Àwọn kan wà lẹ́yìn níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ké orúkọ ilé òṣèré, ìyẹn orúkọ ìdílé tí ó ti wá, bí ó bá ti jáde, bí ìgbà tí ìyá bá ń ki ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọn yóò ké e, nínú àlàfo kan tí kò ju èémí kan lọ. Bí ó bá yá jù, ó bàjẹ́. Bí ó bá pẹ́ jù, ó bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Asagiya ni orúkọ ilé òṣèré tí Bàbá Chigusa fẹ́ràn. Ogójì ọdún ni mo fi gbọ́ "Asagiya!" láti inú balùwẹ̀. Bí Chigusa bá sì ti ilé ìwé dé, igbe mìíràn ni baba rẹ̀ máa ń ké láti inú ṣọ́ọ̀bù: "Matte imashita!" Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "A ti ń dúró dè ọ́!" Igbe inú eré náà ni, wọ́n ń ké e fún òṣèré tí gbogbo èrò ti ń retí. Chigusa á dúró ní ẹnu ọ̀nà, á yí ojú bí òṣèré, á dúró de igbe rẹ̀, lẹ́yìn náà ni á tó bọ́ bàtà. Àwọn méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ mi á fi tutù.

Èmi kò bá a lọ sí Tókíò rí. Ó bẹ̀ mí títí. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo ní irun mi kò dára. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì mí láti jókòó ti ọkùnrin tó ń pariwo láàárín àwọn ọmọlúàbí.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kagami ló ni sinimá wa. Àwọn eré tí wọ́n yà ní ilé eré ńlá ni ó máa ń fi hàn láàárọ̀: ní oṣù kan, eré olórin àwọn ará Yúróòpù, ní oṣù kejì, ijó tí wọ́n ń fi orí ìka ẹsẹ̀ jó. Àwa arúgbó tí kò níbi tí à ń lọ ni oníbàárà rẹ̀. Ó pàdé mi níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ó fi ìwé ìpolówó lé mi lọ́wọ́.

"Ìyá Orihara, Asagiya tí Bàbá fẹ́ràn nìyí o. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ẹ kúkú wá, ẹ̀ ń dá jókòó sílé jù."

Mo wò ó, mo rántí. Ọkọ mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya eré yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ẹ̀rọ ayàwòrán pọ̀ nínú ilé eré bí eṣinṣin. Ìrìn àjò rẹ̀ tó kẹ́yìn sí Tókíò nìyẹn. Mo bá ní màá lọ.

Àwa mẹ́rin la wà nínú sinimá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Eré náà dá lórí ìyàwó kan tó ń dúró de ọkọ rẹ̀ létí odò. Ọkùnrin ni òṣèré náà, bí gbogbo wọn ti rí, ṣùgbọ́n bó ti fẹsẹ̀ kan ọ̀nà onígi tó gba àárín èrò kọjá, obìnrin ni mo rí. Ó rìn dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró, ó yí ojú sí apá òsì. Orin dákẹ́. Ibẹ̀ ni igbe ti bọ́: "Asagiya!"

Ohùn ọkọ mi ni. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, kò sì jẹ́ kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, nítorí náà "ya" rẹ̀ máa ń fẹ́ fèrè díẹ̀ ní ìparí. Fèrè yẹn ni mo gbọ́. Mo sunkún débi pé n kò rí ìyókù eré náà. Kò ṣe mí bí nǹkan abàmì rárá. Mo rò pé ẹ̀rọ ayàwòrán ló gbá ohùn rẹ̀ mú. Inú mi dùn bí ti ẹni tó rí lẹ́tà àtijọ́ nínú àpò aṣọ.

Nígbà tí mo jáde, mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Kagami, ṣùgbọ́n ohùn mi há. Mo ní ẹ̀rọ amúlétutù ló fà á.

Ní ọjọ́ Àìkú mo tún lọ. Igbe náà tún wá, ṣùgbọ́n ó yá jù. Òṣèré kò tíì dúró. Mo ronú sí i díẹ̀, nítorí fíìmù kì í yí padà, mo sì sọ fún ara mi pé etí arúgbó ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, Chigusa pè láti Sáppórò níbi tó ń gbé, bó ti máa ń pè lọ́jọ́ Àìkú.

"Màmá, òtútù mú yín ni? Ohùn yín ti há."

"Sinimá ni mo lọ. Wá bá mi wò ó. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa parí rẹ̀."

"Sinimá? Ẹ̀yin?" Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Bóyá oṣù tó ń bọ̀."

Oṣù tó ń bọ̀ ni ó ti ń sọ láti ọjọ́ ìsìnkú baba rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi, ọ̀nà jìn. Ṣùgbọ́n mo jẹun tán, mo fọ abọ́ kan, ṣíbí kan, mo jókòó. Ilé náà dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ bí ẹní tatami ṣe ń na ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé igbe náà pẹ́ jù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kò wá láti ibi aṣọ sinimá mọ́. Ó wá láti tòsí, bí ẹni pé àga kan náà la jọ jókòó sí. Mo gbóòórùn koríko tútù tó fi ń ṣe ẹní. Mo rọra gbé àpò mi kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí ó lè ríbi jókòó. Ẹ̀rù kò bà mí. Ẹni tó bá ti dá nìkan jẹun fún ọdún mẹ́ta, ohun tó ń bà á lẹ́rù kò pọ̀ mọ́.

Ní Ọjọ́rú, bí eré ti parí, Tíṣà Sugae tọ̀ mí wá. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́, àga tó wà lẹ́yìn mi ni ó sì ti ń jókòó láti ọjọ́ kìíní, tòun ti fúláàsì tíì rẹ̀. Ó na súìtì ọ̀fun kan sí mi.

"Ẹ gbà, Ìyá Orihara. Ẹ lá a."

"Ẹ ṣé o, Tíṣà." Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ohùn mi. "Ta ló sọ fún yín pé ọ̀fun ń dùn mí?"

"Háà! Ẹni tó ń pariwo báyìí lójoojúmọ́? Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí ní Sátidé o. Mo ní, ọkùnrin wo nìyí? Àṣé ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀? Tíṣà, ẹ lọ pààrọ̀ dígí ojú yín. Inú fíìmù ni igbe yẹn ti ń wá."

Ó wo Kagami, tó ń nu gíláàsì níbi tó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Kagami gbé aṣọ ìnuǹkan sílẹ̀.

"Ìyá," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "kò sí igbe kankan nínú fíìmù yẹn. Mo ti wò ó látòkèdélẹ̀ kí n tó fi hàn yín. Ọdún àjàkálẹ̀ àrùn yẹn ni wọ́n yà á. Ẹ rántí? Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo nílé eré. Gbogbo èrò wọ ìbòmú, wọ́n fi àga kan sílẹ̀ láàárín ẹni méjì." Ó fi ìka tọ́ka sí àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ ìwé ìpolówó. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. "Mo rò pé ẹ fi ń rántí Bàbá ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ nǹkan kan."

Mo dì mọ́ etí tábìlì rẹ̀. Ìgbà náà ni ohun tí mo ti gbàgbé padà sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́ tí ọkọ mi ti Tókíò dé nígbà yẹn, ó yọ ìbòmú, ó jókòó ní ilé ìdáná. Mò ń họ karọ́ọ̀tì lọ́wọ́.

"Tazu, mo dákẹ́ lónìí," ó wí. "Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogójì ọdún. Àlàfo dé, àlàfo lọ, mo gbé e mì. Igbe náà ṣì há síbí." Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀.

Ẹnu mi mú, n kò ní purọ́. Mo ní, "Gbé e wá kí n bá ọ pa á mọ́, kí ilé yìí lè sinmi díẹ̀. Bí àìsàn bá kásẹ̀ nílẹ̀, màá bá ọ ké e."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹnu bí ẹni tó tu kóró èso sínú rẹ̀, ó sì la ọwọ́ náà sórí àtẹ́lẹwọ́ mi. Kí n má baà ba eré jẹ́, mo ju ohun tí kò sí níbẹ̀ sẹ́nu, mo fi tíì gbé e mì. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ó sùn kò jí. Wọn kò tíì gba ẹnikẹ́ni láyè láti pariwo nígbà náà. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí kò balẹ̀. Mo gbé e mì lódindi.

Mo sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì níbẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba ohùn tó kù fún mi. Kagami bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Tíṣà ti fúláàsì rẹ̀ pa.

"Èmi náà máa ń lọ sílé eré yẹn ní ìgbà èwe mi," ó wí. "Igbe tó bá bọ́ sí àlàfo rẹ̀ ti parí nìyẹn, kì í padà. Tiyín ń yá jù, ó tún ń pẹ́ jù. Ìdí nìyẹn tó fi ń padà wá. Ọjọ́ méjì ló kù. Ẹ bá a ké e dáadáa, Ìyá, kí ọkùnrin náà lè máa lọ."

"Tàbí kí ẹ má wá mọ́," Kagami sọ. "Ẹ wo bí ohùn tiyín ṣe ń tán lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́."

Kí ó lè máa lọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé. Mo bu ìrẹsì síwájú àwòrán rẹ̀ lórí pẹpẹ, mo sì bi í bóyá ó fẹ́ lọ. Ó rẹ́rìn-ín bí ó ti máa ń ṣe nínú àwòrán náà. Ọ̀rọ̀ dé ojú rẹ̀ wàyí: bí mo bá ké igbe náà bó ti yẹ, yóò lọ pátápátá, èmi nìkan ni yóò sì kù.

Lọ́jọ́bọ̀ mo fọwọ́ kan ètè mi nígbà tí òṣèré dúró. Mo mọ̀ ọ́n lára bí ètè náà ṣe là fúnra rẹ̀. Igbe náà jáde, díẹ̀ ló kù kí ó bọ́ sí àlàfo rẹ̀ gan-an. Mo gbọ́ tí Tíṣà pòṣé lẹ́yìn mi. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ mi pàápàá ti tán.

Mo sì ti mọ ohun tí n ó ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ká áńkáṣíìfù rẹ̀ kan, èyí tó nípọn jù lọ, mo ki í bọ ẹnu kí wọ́n tó pa iná sinimá. Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀: èmi, Tíṣà, àti Kagami tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Obìnrin etí odò jáde. Ó rìn dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró. Orin dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo ti rí i tó yí ojú sí apá òsì. Lọ́jọ́ yẹn, ibi tí mo jókòó ni ó yí ojú sí. Ó wò mí, ó sì dúró. Ìgbì odò tí wọ́n fi aṣọ ṣe kò mì mọ́. N kò mọ bó ti pẹ́ tó, ṣùgbọ́n mo mí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣì ń dúró.

"Ó tó àkókò, Ìyá," Tíṣà sọ lẹ́yìn mi ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ ké e. Ìsinsìnyí gan-an ni."

Nǹkan kan gun ọ̀fun mi bọ̀. Ó dé ẹ̀yìn eyín mi, ó sì kan ilẹ̀kùn níbẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ọkọ tó mọ̀ pé ìyàwó òun wà nílé. Omi ń dà lójú mi. Mo deyín mọ́ áńkáṣíìfù náà. Nínú ọkàn mi, mo ní, "Má lọ. Jọ̀ọ́, Bàbá Chigusa, má tíì lọ."

Obìnrin náà tẹ orí ba díẹ̀, bí ẹni tó dúró de ènìyàn títí tí kò rí i. Ó yí ojú sí apá òsì, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kagami sọ fún mi lẹ́yìn náà pé fíìmù náà kò dúró rárá.

"Kí ló dé tí ẹ ò ké e?" Tíṣà bi mí lẹ́nu ọ̀nà.

N kò lè fọhùn. Mo gba bírò rẹ̀, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìpolówó: "Èmi nìkan ni mo wà nílé." Ó kà á, ó sì ṣí fìlà.

Fún ọjọ́ méjì n kò gbìyànjú láti sọ nǹkan kan. Mò ń rìn kiri ilé pẹ̀lú igbe náà nínú ọ̀fun mi, ó gbóná, ó wúwo díẹ̀. Mo jẹun pẹ̀lú rẹ̀. N kò lè parọ́ fún yín, inú mi dùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tẹlifóònù dún. Mo gbé e láìronú, mo ní, "Haló." Kì í ṣe ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló jáde. Ohùn ọkùnrin ni, ó há díẹ̀.

Mò ń gbọ́ bí Chigusa ṣe ń mí.

"…Bàbá?"

Mo mi orí, bí ẹni pé ó lè rí mi láti Sáppórò. Mo fẹ́ sọ pé, "Ìyá rẹ ni, má bẹ̀rù." Ó fa èémí sínú láti tún pè, nínú àlàfo kékeré yẹn sì ni ẹnu mi là.

"Matte imashita!"

N kò mọ nǹkan kan nípa kàbúkì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èyí kò yá jù, kò sì pẹ́ jù. Ó bọ́ sí i bí ilẹ̀kùn ṣe ń bọ́ sójú ihò rẹ̀. Chigusa bú sẹ́kún, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọmọ ilé ìwé, tí n kò gbọ́ láti ogún ọdún.

"Mò ń bọ̀," ó wí. "Ẹ dúró dè mí. Mò ń bọ̀ báyìí."

Mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀, mo fọwọ́ kan ọ̀fun mi. Ó ti tutù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, kì í ṣe ohùn ọkọ mi, kì í ṣe tèmi.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ohùn ara mi pe ọmọ yẹn, kò wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni baba rẹ̀ ké.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ló dé. Mo gbọ́ ìró géètì, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta. Ó fa ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Irun rẹ̀ ti ń funfun níwájú, n kò mọ̀. Kò bọ́ bàtà, kò kí mi. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó yí ojú rẹ̀ sókè díẹ̀ bí òṣèré, ó pa ojú dé, ó sì ń dúró de igbe rẹ̀.

Mo la ẹnu mi.